Manu Dibango: Bí orin ẹ̀yìn àwo láti Douala ṣe gba ayé kan, àti ìjà lórí ẹni tó ni ín

Ní ọdún 1972, ọmọ bíbí ìlú Douala kan ṣe àwo orin kékeré kan fún ìdíje bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Orin ìdíje ló wà ní ojú àwo náà, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni aráyé gbé. Títí tí Manu Dibango fi jáde láyé ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2020, orin ẹ̀yìn àwo náà, "Soul Makossa", ló sọ ọ́ di olókìkí káàkiri àgbáyé. Orin náà ló sì gbé e dé ilé ẹjọ́.

Ní Marché Central, ọjà ńlá tó wà ní àgbègbè New-Bell ní Douala, aṣọ, bàtà, fóònù àti orin jọ ń wá oníbàárà láàárín èrò tó ń sọ èdè Faransé, Duala, Pidgin àti àìmọye èdè mìíràn. Àwọn oníṣòwò láti Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni orin ti máa ń dé etí aráàlú, pàápàá nígbà tí kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kan náà ni ẹ̀dà orin tí olórin fúnra rẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀ ti máa ń tà.

Ìtàn Manu Dibango tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kan tó kan gbogbo olórin Áfíríkà, yálà ó ń gbé ní Douala, ní Èkó tàbí ní Cotonou: orin lè rìn jìnnà ju ẹni tó kọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n owó orin náà kì í dá mọ ọ̀nà ilé.

Ta ni Manu Dibango?

Emmanuel N'Djoké Dibango ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1933 ni wọ́n bí i ní Douala, nígbà tí ilẹ̀ Faransé ń ṣàkóso apá tó pọ̀ jù nínú Cameroon. Ọmọ Yabassi ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni. Ọmọ Duala ni ìyá rẹ̀, iṣẹ́ aṣọ rírán ló sì ń ṣe. Ìdílé onígbàgbọ́ ni wọ́n, inú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tí wọ́n ń lọ ni etí ọmọ náà sì ti kọ́kọ́ là sí orin.

Ní 1949, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, bàbá rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé kí ó lọ kàwé. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀, ó sì lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú òkun kí ó tó gúnlẹ̀ sí Marseille. Kọfí kílò mẹ́ta wà nínú ẹrù rẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ fi san lára owó ìtọ́jú rẹ̀ fún ìdílé tó máa gbà á sílé ní ìlú Saint-Calais. Ogun àgbáyé kejì kò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà, kọfí sì jẹ́ ohun iyebíye ní Yúróòpù. Nígbà tí Dibango dàgbà tó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, "Trois kilos de café", ìyẹn "Kọfí kílò mẹ́ta", ni orúkọ tó fún ìwé náà.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Chartres, ó kọ́ dùùrù, ó sì gbọ́ orin jáàsì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ó pàdé Francis Bebey, ọmọ Douala bíi tirẹ̀ tó ju ú lọ ní ọdún mélòó kan, ẹni tí òun náà padà di gbajúgbajà olórin àti òǹkọ̀wé. Lẹ́yìn èyí ni fèrè saxophone bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́ títí ayé.

Bàbá rẹ̀ kò rán an lọ sí òkè òkun nítorí fèrè. Nígbà tí ọmọ náà kùnà nínú ìdánwò àṣejáde, owó tó ń ti ilé wá dáwọ́ dúró. Orin tó jẹ́ eré tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ fi jẹun.

Láti Brussels dé Kinshasa

Ìlú Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni Dibango kọjá sí ní ìparí àwọn ọdún 1950, níbi tó ti ń fun fèrè ní àwọn ilé ijó alaalẹ́. Ní ọdún 1960, àwọn aṣíwájú Congo wá sí ìlú náà fún ìpàdé lórí òmìnira orílẹ̀-èdè wọn. Joseph Kabasele, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Grand Kallé, bá wọn wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, African Jazz. Àsìkò náà ni ẹgbẹ́ yìí gbé orin "Indépendance Cha Cha" jáde, èyí tó di orin òmìnira ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà.

Kabasele gbọ́ fèrè ọmọ Cameroon náà, ó sì mú un wọ ẹgbẹ́. Ní 1961, Dibango bá wọn lọ sí Léopoldville, ìlú tí a ń pè ní Kinshasa lónìí. Ibẹ̀ ni ẹni tó ti lo ọdún 12 ní Yúróòpù, tó sì mọ orin Amẹ́ríkà bí ẹni mowó, ti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin fún agbo ijó Áfíríkà.

Ní 1963 ó padà sí Douala, ó sì ṣí ilé ijó kan tó pè ní Tam-Tam. Àsìkò náà kò rọgbọ. Ìjọba ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ jà, òfin kónílé-ó-gbélé sì ń lé àwọn ènìyàn kúrò níta ní alẹ́. Ilé ijó tí kò lè ṣí lóru kò lè pa owó. Dibango wọ gbèsè, ó sì padà sí Paris ní 1965, níbi tó ti ń bá àwọn akọrin Faransé bíi Dick Rivers àti Nino Ferrer ṣiṣẹ́.

Kí ni makossa?

Makossa jẹ́ orin ijó ìlú Douala. Inú ọ̀rọ̀ èdè Duala tó jẹ mọ́ ijó jíjó ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó mú lára orin jìtá àti ijó àtijọ́ bíi ambasse bey àti assiko, ó tún mú lára rumba Congo tó ń wọlé láti orí rédíò, àti hígh-life láti Ghana àti Nàìjíríà. Àwọn olórin bíi Nelle Eyoum, Eboa Lotin àti Ekambi Brillant wà lára àwọn tó gbé e dàgbà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ló mọ orúkọ náà ju orin náà lọ. Nígbà tí orin Awilo Longomba gba gbogbo òde àríyá kan ní ìparí àwọn ọdún 1990, "makossa" ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Congo ni Awilo, soukous sì ni orin rẹ̀. Douala ni makossa ti ṣẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Ní 1972, Cameroon gba àlejò ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Dibango kọ orin ìwúrí fún ìdíje náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí orí àwo kékeré. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ní ojú méjì, ojú kejì kò sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Ó fi orin kan tó dá lórí makossa sí i, ṣùgbọ́n ó da orin ọkàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ìyẹn soul, pọ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tó fi pè é ní "Soul Makossa". Nínú ègbè rẹ̀, ó gé ọ̀rọ̀ náà "makossa" sí wẹ́wẹ́, ó sì ń tò ó léra bí akólòlò tó ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Inú àwọn ará Cameroon kò dùn ní òpin ìdíje náà. Congo-Brazzaville fi àmì ayò kan sí òdo lé wọn kúrò ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ó sì gba ife náà lọ. Orin ìdíje náà kò lè gbilẹ̀ ní ilé tí ìdíje náà ti bà nínú jẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀dà díẹ̀ lára orin náà rí ọ̀nà dé New York. David Mancuso, tó ń gbé àwo orin fún àwọn oníjó ní ilé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Loft, rí ọ̀kan rà ní ilé ìtàwo kan ní Brooklyn níbi tí àwọn ará Karibíánì ti ń ra ọjà. Ó gbé e sí i, agbo sì gbá. Láìpẹ́, Frankie Crocker, gbajúgbajà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò WBLS, náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sáfẹ́fẹ́.

Àwọn ènìyàn ń wá àwo náà kiri, wọn kò rí i rà. Kí ó tó di pé ọjà dé láti Faransé, ó kéré tán ẹgbẹ́ olórin 23 ti kọ tiwọn jáde. Ilé-iṣẹ́ Atlantic wá gba àṣẹ láti tẹ ojúlówó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1973. Orin náà dé ipò 35 lórí àtẹ Billboard, èyí tó ṣọ̀wọ́n gidigidi fún orin tó ti ọwọ́ ọmọ Áfíríkà wá nígbà náà. Dibango ṣeré ní gbọ̀ngàn Apollo ní Harlem, ó bá ẹgbẹ́ Fania All-Stars rin ìrìn-àjò orin, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du àmì ẹ̀yẹ Grammy.

Ta ló ni ègbè orin?

Kí a tó lè lóye ìjà tó tẹ̀lé e, ó yẹ kí a mọ ohun tí òfin ń dáàbò bò. Nínú orin kan ṣoṣo, ẹ̀tọ́ méjì ló wà. Èkíní ni ẹ̀tọ́ lórí orin bí a ṣe hun ún, ìyẹn ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ló ni èyí, àyàfi tó bá tà á. Èkejì ni ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó náwó sí i ló sì sábà máa ń ni ín. Bí ilé ni: ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ẹni tó kọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá tún orin ẹlòmíràn kọ lẹ́nu ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹni tó hun orin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lo ohùn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gé ohùn àkọ́kọ́ lò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Kò sí ẹnikẹ́ni tó lè ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Makossa" jẹ́ ti gbogbo ará Douala, láti ọ̀dọ̀ akọrin dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Marché Central. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Dibango gbà gé ọ̀rọ̀ náà, tó sì tò ó sórí ìlù, kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni kí ó tó ṣe é. Òun ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Michael Jackson àti Rihanna

Ní 1982, Michael Jackson gbé "Thriller" jáde, àkójọ orin tó tà jùlọ nínú ìtàn. Orin àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni "Wanna Be Startin' Somethin'", ègbè tó sì gbẹ̀yìn orin náà jọ ti "Soul Makossa" débi pé ẹni tó bá mọ èyí á dá tọ̀hún mọ̀. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ Dibango. Ó pe ẹjọ́, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà níta ilé ẹjọ́ pẹ̀lú owó.

Ọdún 25 kọjá. Ní 2007, Rihanna lo ègbè kan náà nínú "Don't Stop the Music". Àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Michael Jackson ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún jù nìyí: ẹni tí òun náà yá ohun kan lò ti di ẹni tí wọ́n ń tọrọ ohun náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 2008, ilé ẹjọ́ kan ní agbègbè Paris pàṣẹ pé kí wọ́n kọ orúkọ Dibango sára ẹ̀dà orin Rihanna tí wọ́n bá tẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, Dibango sì fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Nígbà tó padà lọ sí ilé ẹjọ́ ní Paris ní 2009, tó ń béèrè ìdajì mílíọ̀nù yúrò lọ́wọ́ Jackson àti Rihanna, adájọ́ kò gba ẹjọ́ náà wọlé. Ohun tó sọ ni pé bí olùpẹ̀jọ́ ṣe jáwọ́ nínú ẹjọ́ àkọ́kọ́, ó ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti béèrè sí i.

Nínú ẹjọ́ kejì yìí, adájọ́ kò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ Dibango kọ́ ni ègbè náà. Ìgbésẹ̀ òfin tó ti gbé ṣáájú ló di ìdènà fún un. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè rẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe orin kan ṣoṣo

Yóò jẹ́ àìtọ́ bí a bá fi orin kan ṣoṣo wọn gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Láti 1975, ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin ní Abidjan gẹ́gẹ́ bí olùdarí ẹgbẹ́ olórin ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ivory Coast. Ó lọ sí Jamaica láti bá Sly Dunbar àti Robbie Shakespeare ṣe àkójọ orin "Gone Clear", tó jáde ní 1980. Ní 1985, òun àti Herbie Hancock jọ wà nínú "Electric Africa".

Àwọn Yorùbá náà ní ìpín nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe "Wakafrika" ní 1994, ó pe àwọn olórin láti apá ibi púpọ̀ ní Áfíríkà kí wọ́n wá bá a tún àwọn ojúlówó orin ilẹ̀ náà ṣe. King Sunny Adé wà níbẹ̀, Angélique Kidjo láti Benin wà níbẹ̀, Youssou N'Dour láti Senegal náà sì dé.

Ní 2004, àjọ UNESCO fi oyè Òṣèré fún Àlàáfíà dá a lọ́lá. Ní 2010, ìjọba Faransé fún un ní oyè Légion d'honneur.

Àdàkọ ní inú ọjà

Ìjà tó bá Jackson jà wáyé láàárín agbẹjọ́rò àti agbẹjọ́rò. Ìjà kan tún wà nílé tí kò ní olùjẹ́jọ́ kan pàtó. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ méjì lè ṣe ẹ̀dà orin kan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Bí àwo CD ṣe dé, ó tún yá sí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń kó orin sínú fóònù fún oníbàárà bọ́ sójú ọ̀nà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọjà Cameroon kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn olórin Nàìjíríà ti ń ráhùn lé lórí nípa Àlàbà ní Èkó. Ẹni tó ra ẹ̀dà náà sanwó, ẹni tó tà á jèrè, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀tọ́ méjì tí a ṣàlàyé lókè, kò sí èyí tí wọ́n san kọ́bọ̀ fún. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ. Kò sì rọrùn láti bínú sí oníbàárà: ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó ra ojúlówó fẹ́ gbọ́ orin ìlú rẹ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn.

Ọ̀nà tí àwọn orílẹ̀-èdè sábà máa ń gbà yanjú èyí ni ẹgbẹ́ agbowó-orin. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gba owó lọ́wọ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ilé ọtí, hòtẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà orin, yóò sì pín in fún àwọn tó kọ ọ́. Ní 2003, wọ́n dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Cameroon, Cameroon Music Corporation, Manu Dibango sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó ti bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun fa ọ̀rọ̀ owó wá bọ́ sí ipò ẹni tí àwọn olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí awuyewuye fi bẹ́ sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń gba owó àti bí wọ́n ṣe ń pín in. Dibango kúrò níbẹ̀ ní 2005. Ní 2008, ìjọba gba ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ náà, ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní SOCAM sì rọ́pò rẹ̀.

Nàìjíríà náà ti jẹ nínú ọbẹ̀ yìí. Ní 1974, King Sunny Adé àti ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ orin rẹ̀, African Songs, dé ilé ẹjọ́ lórí ìwé àdéhùn wọn. Lẹ́yìn èyí ni olórin náà dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Sunny Alade Records. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ, èyí tó mẹ́nu ba íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Kí òfin wà jẹ́ ohun kan, kí owó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín jẹ́ ohun mìíràn.

Kí ló kù lẹ́yìn rẹ̀?

Àrùn Covid-19 ló pa Manu Dibango ní ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni ọdún 86 ni, ó sì wà lára àwọn gbajúmọ̀ àkọ́kọ́ tí àrùn náà mú lọ. Òfin ìséra-ẹni-mọ́lé wà lóde nígbà náà, nítorí náà ìwọ̀nba ẹbí nìkan ló lè sin òkú ẹni tó ti fi fèrè kó èrò jọ ní ìlú àìmọye.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà padà sí Cameroon fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1972, wọ́n sì gbá nínú àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ ní Douala. Ìwọ̀nba ènìyàn ló rántí orin tí Dibango kọ fún ìdíje àkọ́kọ́. Èyí tó wà lẹ́yìn àwo náà ni wọ́n mọ̀.

Nígbà tí Kanye West lo ègbè náà nínú "Lost in the World" ní 2010, orúkọ Manu Dibango wà láàárín àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n ni orin náà. Láti orúkọ bẹ́ẹ̀ ni owó ti ń mọ ọ̀nà ilé. Fún ọ̀dọ́ olórin tó ń gbé orin rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Douala tàbí Ìbàdàn lónìí, iṣẹ́ ibẹ̀ kò pọ̀: kí ó fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbowó-orin, kí ó ka ìwé àdéhùn dópin kí ó tó buwọ́ lù ú, kí ó sì ṣe méjèèjì kí orin náà tó jáde nílé. Bí orin bá ti kọjá òkun, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹni tó ni ín yóò máa sáré.